Bí Ẹ Ṣe Lè Padà Sídìí Eré Ìmárale Nígbà Tí Kò Wù Yín Mọ́

Ẹni tí kò ṣe eré ìmárale rí àti ẹni tó ti ń ṣe é kó tó jáwọ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìṣòro wọn. Ẹni àkọ́kọ́ kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kejì mọ̀ ọ́n dunjú. Ó mọ bí ara ṣe máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá sáré yí àdúgbò ká, bàtà kánfáàsì rẹ̀ sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò kàn wù ú mọ́ ni. Aláàmù á dún ní aago márùn-ún ààbọ̀, á nawọ́ pa á, á yíjú sógiri. Ẹnì kejì yìí ni mo kọ èyí fún, nítorí ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀: ẹ má dúró de ìgbà tí yóò tún máa wù yín. Ẹ̀yìn ìgbà tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń wù ú, kì í ṣáájú. Ẹni tó ti rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ara rẹ̀ ń yá láti rin ogún. Ẹni tó jókòó sórí àga, tó ń retí kí ara rẹ̀ yá, ibẹ̀ ni ilẹ̀ máa ṣú u sí. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí wà láti mú kí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò wù yín rárá.

1. Ẹ wá ohun tó dá yín dúró

Ẹ jókòó kí ẹ bi ara yín léèrè: kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an ní ọ̀sẹ̀ tí mo dáwọ́ dúró? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dáhùn pé "ọ̀lẹ ni mí". Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti fi oṣù bíi mélòó kan jí ní ìdájí kì í ṣe ọ̀lẹ. Nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀, tí ẹ ò bá sì mọ nǹkan náà, òun ló tún máa dá yín dúró lẹ́ẹ̀kejì.

Bóyá àkókò ni. Ẹni tó ń gbé ní Ìkòròdù tó wá ríṣẹ́ sí Victoria Island gbọ́dọ̀ ti wà ní ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ò sì ní jẹ́ kó tètè wọlé lálẹ́. Kò sí bí eré àárọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì ṣe lè bá irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀ mu. Kó yé fi ètò àtijọ́ fìyà jẹ ara rẹ̀. Kó mú àsìkò ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́, kó sì fi àárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè kún un.

Bóyá ara ni. Orúnkún ń dùn yín, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kàn ń rí àwáwí tí ẹ ò fi jáde. Orúnkún náà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Bóyá ó sì kàn sú yín ni, èyí ló rọrùn jù lọ láti tún ṣe: ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí eré sísá ti sú lè máa fo okùn, ó lè gun kẹ̀kẹ́, ó lè jó. Ijó jíjó kì í ṣe àwàdà o. Ẹni tó bá dúró ti onílù fún ogún ìṣẹ́jú láìjókòó, òógùn á bò ó bí ẹni tó sáré.

Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ sọ láìfi bọpo bọyọ̀. Tó bá jẹ́ pé eré ìmárale nìkan kọ́ ni kò wù yín mọ́, tí oúnjẹ, ẹbí, iṣẹ́ àti òde ṣíṣe, gbogbo rẹ̀ ti di ẹrù, tó sì ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ó lè jẹ́ àárẹ̀ ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ìrìn àárọ̀ a máa ṣèrànwọ́ fún un, ṣùgbọ́n kò lè dípò dókítà.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ara yín wò

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Èèyàn lè ní in fún ọdún púpọ̀ kó má mọ̀, títí àrùn rọpárọsẹ̀ á fi dé. Ẹ yà sí kẹ́míìsì tó wà ládùúgbò yín kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn ìfúnpá yín. Tí nọ́ńbà òkè bá pé 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá pé 90, ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Tó bá ṣì ga, ẹ rí dókítà kí ẹ tó ṣe eré tó le. Tó bá wọ 180 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ẹ má ṣe eré kankan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ẹni tó ń lo insulin tàbí oògùn ìtọ̀ ṣúgà kó mú nǹkan dídùn dání, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ kó dúró títí yóò fi máa jẹun dáadáa. Ìyá tó bímọ, pàápàá tó bá jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ, kó bi àwọn tó gbẹ̀bí rẹ̀ léèrè ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀.

Nígbàkigbà tí ẹ bá wà lẹ́nu eré tí àyà bá ń fún yín mọ́ra, tí ìrora bá ń ti àyà lọ sí apá tàbí àgbọ̀n, tí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí tí ẹ ò bá lè mí dáadáa lẹ́yìn tí ẹ ti dúró, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ lọ dùbúlẹ̀ wò.

3. Ẹ mọ ohun tó ti lọ lára yín àti ohun tó ṣì kù

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń padà bọ̀ ti máa ń fara pa, nítorí náà mo fẹ́ kí ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí èèyàn bá jáwọ́, èémí ló kọ́kọ́ ń lọ. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì péré, omi inú ẹ̀jẹ̀ ti dín, ọkàn ní láti lù lọ́pọ̀ ìgbà sí i kó tó lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àtẹ̀gùn tí ẹ máa ń sá gùn fi ń mú yín mí hẹlẹhẹlẹ. Agbára iṣan kì í tètè lọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó má tíì pàdánù púpọ̀ nínú rẹ̀, iṣan tí a ti kọ́ níṣẹ́ rí sì máa ń yára padà ju èyí tí a kò kọ́ rí lọ. Ìròyìn ayọ̀ ni ìyẹn jẹ́. Òógùn tí ẹ ti là sẹ́yìn kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan tó ti lọ náà kì í padà dé pọ̀. Èémí ló ń kọ́kọ́ dé, iṣan á tẹ̀ lé e. Ní ti okùn tó so iṣan mọ́ egungun, bí irú èyí tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀, jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kéré. Egungun náà kì í yára. Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin: èémí ti dé, inú ń dùn, ẹ rò pé ẹ ti padà sí bí ẹ ṣe wà, ẹ bá sá kìlómítà mẹ́jọ lọ́jọ́ Sátidé. Ní Sọ́ńdè, ẹ ò lè fi gìgísẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ tún wá jókòó fún oṣù méjì, ẹ ń sọ pé ọjọ́ orí ti dé.

Kì í ṣe ọjọ́ orí. Ìwọ̀n èémí ni ẹ fi ṣe ìwọ̀n gìgísẹ̀. Nítorí náà, nínú ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí, gìgísẹ̀ àti orúnkún ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n. Yóò dà bíi pé ó rọrùn jù fún yín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jẹ́ kó rọrùn bẹ́ẹ̀.

4. Ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́rin. Ìrìn lásán, kì í ṣe eré. Ẹ ó fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe é. Jíjáde gan-an la fẹ́ kí ara tún mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀sẹ̀ kejì: ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ mẹ́rin. Ní méjì nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹ fi eré àga, eré gìgísẹ̀ àti eré ògiri kún un. Màá ṣàlàyé wọn láìpẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ méjì nínú wọn, kí ẹ yára rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ẹni tó fẹ́ sáré lè bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọjọ́ méjì péré tí kò tẹ̀ léra. Ẹ kọ́kọ́ rin ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà ẹ sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ rin méjì, ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, kí ẹ sì tún fi ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún parí rẹ̀. Ní ọjọ́ mẹ́ta yòókù, ìrìn ìṣẹ́jú 25. Ẹni tí kò fẹ́ sáré kó máa rìn ní gbogbo ọjọ́ márààrún. Kò pàdánù nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ẹ tún ọ̀sẹ̀ kẹrin ṣe gẹ́lẹ́. Ọ̀sẹ̀ yìí ni ara máa ń tan èèyàn jẹ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún. Àwọn tó ń sáré lè sá ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n rin méjì.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún jẹ́ 150, iye yìí sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe, ó kéré tán, lọ́sẹ̀ kan, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020. Wọ́n fi kún un pé kí èèyàn lo iṣan rẹ̀ fún iṣẹ́ agbára, ó kéré tán, ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ìyípadà kan wà nínú ìlànà náà tó yẹ kí gbogbo ẹni tí kì í ráyè mọ̀: ti ọdún 2010 sọ pé kí ìrìn tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá léraléra kó tó wọ ìṣirò. Ní 2020 wọ́n yọ ọ̀rọ̀ yẹn kúrò. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tí ẹ fi rìn dé ibùdókọ̀ ti wọlé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ ń rìn tó? Ẹ gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ gbìyànjú láti kọrin. Tí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí orin ò ṣeé kọ, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ wà. Tí ẹ bá lè kọ orin náà tán, ẹ yára sí i. Tí ọ̀rọ̀ pàápàá bá ń já lẹ́nu yín, ẹ rọra.

Eré àga: ẹ gbé àga onígi tó dúró dáadáa ti ògiri. Ẹ má lo àga rọ́bà funfun tí a ń lò níbi àríyá, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń là lórí táìsì. Ẹ jókòó sí etí àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì ya bí èjìká ṣe fẹ̀ tó, kí gìgísẹ̀ wà lábẹ́ orúnkún tàbí kó wọnú díẹ̀. Ẹ ká apá mọ́ àyà. Ẹ tẹ̀ síwájú láti ìbàdí títí imú yín á fi wà lókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, ẹ wá fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀, kí ẹ dìde dúró ṣánṣán. Bí ẹ ṣe ń padà jókòó ni iṣẹ́ náà wà. Ẹ má já ara yín lulẹ̀. Ẹ máa kà á bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ení, èjì, ẹ̀ta, kí ìdí tó kan àga. Ẹ wo orúnkún yín. Tó bá ń wọnú bíi pé wọ́n fẹ́ kan ara wọn, ẹ tì wọ́n sóde kí ẹ tó dìde. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ sinmi ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un ṣe. Ẹni tí kò bá lè dìde láìlo ọwọ́ kó fi ọwọ́ ti itan. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ọwọ́ náà á fúyẹ́.

Eré gìgísẹ̀: ẹ dúró níwájú àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ọwọ́ kan lára ògiri, àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú lórí àtẹ̀gùn, gìgísẹ̀ lófurufú. Ẹ na ara sókè lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹ sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Eré yìí ló ń múra okùn ẹ̀yìn gìgísẹ̀ sílẹ̀ de eré sísá.

Eré ògiri: ẹ dúró jìnnà sí ògiri níwọ̀n apá kan, ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹ tẹ ìgúnpá kí àyà sún mọ́ ògiri, ẹ ti ara yín padà. Nígbà tí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ bọ́ sórí tábìlì tó lágbára, lẹ́yìn náà ilẹ̀.

Bàtà: èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ, tí kò há. Ó tán.

5. Ẹ so ó mọ́ ohun tó ti wà nílẹ̀

"Tí mo bá ti ráyè" kì í ráyè. Ìgbà tó ṣeé gbára lé ni èyí tó so mọ́ nǹkan tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ láìronú. Ẹni tó ń kí ìrun àsùbáà ti jí ná, ó ti fọwọ́ kan omi, ojú rẹ̀ ti là. Kó má padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kó gba ọ̀nà tó jìn wálé láti mọ́sálásí. Ìdílé tó ń ṣe àdúrà àárọ̀ lè jáde gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti ṣe àmín. Ìyá tó ń mú ọmọ lọ síléèwé lè sọ pé òun ò ní gun ọ̀kadà padà. Oníṣọ́ọ̀bù lè rìn yí ọjà ká kó tó ṣílẹ̀kùn. Ohun tó ṣe kókó ni pé kí ẹ lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: "Tí mo bá ti ṣe báyìí tán, màá jáde."

Ní University College London, Phillippa Lally àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn èèyàn 96 tí kálukú wọn yan ohun tuntun kan láti máa ṣe lójoojúmọ́ lẹ́yìn nǹkan kan tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Nínú àbájáde tó jáde ní 2010, ohun náà gba nǹkan bí ọjọ́ 66 kó tó mọ́ wọn lára. Ṣùgbọ́n ti ẹnì kan kì í ṣe ti ẹnì kejì: ó wà láti ọjọ́ 18 dé ọjọ́ 254. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ṣe oṣù kan tó ṣì ń fi tipátipá jáde, kò sí ohun tó ṣe é. Kò tíì tó àsìkò tirẹ̀ ni. Ìwádìí kan náà fi hàn pé fífo ọjọ́ kan kò ba nǹkan jẹ́ rárá. Mo fẹ́ràn èyí, torí ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n pa jẹ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé "ó ti bàjẹ́ náà nìyẹn".

Lálẹ́, ẹ kó aṣọ, ìbọ̀sẹ̀, kọ́kọ́rọ́ àti tọ́ọ̀ṣì sí ojú kan lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá ní láti wá ìbọ̀sẹ̀ nínú òkùnkùn nígbà tí kò síná, ẹ ti ní ìdí láti padà sùn nìyẹn. Kí fóònù tí ẹ fi ṣe aláàmù wà níbi tí ẹ máa ní láti dìde kí ẹ tó lè pa á.

Ní àárọ̀ tí ara bá kọ̀ pátápátá, ẹ bá a dúnàádúrà: "Màá rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, tí kò bá ṣì wù mí, màá padà sílé." Kí ẹ sì mú àdéhùn náà ṣẹ ní òótọ́. Tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí ara ṣì kọ̀, ẹ padà sílé láìbú ara yín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní padà.

6. Ẹ wá ẹnì kan tó máa dúró dè yín

Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí tó ń gbé èèyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí èyí tó lágbára tó kí ẹnìkan ti wà lẹ́nu géètì. Kó jẹ́ ẹni tó ń gbé nítòsí, tí ìrìn rẹ̀ kò yá ju tiyín lọ. Ọ̀rẹ́ tó ń gbé ní òdìkejì ìlú kò wúlò fún èyí, bó ti wù kí ẹ fẹ́ràn ara yín tó. Ẹ gbọ́ bí àwọn tó wà lẹ́nu géètì àti ìyá kan tí wọ́n wá pè ṣe lè máa sọ̀rọ̀ láàárọ̀:

"Ẹ kú ojúmọ́ o, mà. A ti wà lẹ́nu géètì."

"Há, ẹ ti dé? Òjò ò rọ̀ lóru ni?"

"Ó rọ̀, mà, ṣùgbọ́n ó ti dá. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ."

"Ó dáa, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n wá bàtà mi."

Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ lọ síbi tí àwọn mìíràn ti ń ṣe é. Ní Surulérè, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú ti ń lọ ṣe eré ìmárale láàárọ̀ ní ọgbà National Stadium. Lórí afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí, ẹ ó bá àwọn tó ń sáré kí oòrùn tó yọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ọba, eré àjọsá tí wọ́n ń pè ní parkrun wà ní ọ̀pọ̀ ọgbà ìtura láàárọ̀ Sátidé, kìlómítà márùn-ún, ọ̀fẹ́ ni, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń gba ẹni tó bá kàn fẹ́ rìn.

Ní ti jíìmù, ẹ má san owó ọdún kan. Ẹ san ti oṣù kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti parí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí. Kì í ṣe owó tí a ti san ló ń gbé ẹsẹ̀.

7. Òjò, ọyẹ́, òkùnkùn àti ààwẹ̀

Ìgbà òjò ló ń já ọ̀pọ̀ wa sílẹ̀, nítorí náà ẹ múra sílẹ̀ dè é: ètò inú ilé tí ẹ máa ṣe ní àárọ̀ tí òjò bá ṣú. Eré àga, eré ògiri, àti àtẹ̀gùn tí ẹ bá ń gbé ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ má fojú kéré àtẹ̀gùn. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ gbé ìwádìí kan jáde nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Dẹ́rẹ́bà ń jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun òkè ń sọ̀ kalẹ̀ láti gba owó ọkọ̀. Àrùn ọkàn wọ́pọ̀ lára àwọn dẹ́rẹ́bà ju àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Ibi iṣẹ́ kan náà ni, ọkọ̀ kan náà ni.

Nígbà ọyẹ́, eruku lọ̀tá. Ẹni tó ní asthma kó ṣe tirẹ̀ nínú ilé ní ọjọ́ tí ojú sánmà bá funfun báláú, kó sì mú ìfásímú rẹ̀ dání nígbàkigbà tó bá jáde. Ní òkùnkùn, ẹ wọ aṣọ funfun, ẹ yọ ohun tí ẹ kì sétí, kí ẹ sì rìn ní apá òsì títì ní Nàìjíríà (apá ọ̀tún ni ní ìlú ọba) kí ẹ lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójúkojú. Tí ìdájí àdúgbò yín kò bá fini lọ́kàn balẹ̀, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́.

Nínú ààwẹ̀ Rámàdáánì, ẹ má dá a dúró pátápátá. Ìrìn jẹ́jẹ́ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n tó ṣínu dára, torí omi ti sún mọ́lé. Ẹ fi eré sísá sílẹ̀ títí di ẹ̀yìn ìtúnu.

8. Tí ara bá ń ro yín

Ìrora inú iṣan lẹ́yìn ìsinmi gígùn kì í ṣe àìsàn. Ó sábà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, ẹ sùn. Ìrora tó wà lójú kan ṣoṣo, tó ń gúnni bí abẹ́rẹ́, tó wú, tàbí tó ń mú yín tiro, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ má fi àbónikí pa á kí ẹ tún jáde lọ sáré lé e lórí. Ẹ sinmi, tí kò bá sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kí oníṣègùn wò ó.

9. Ohun tó yẹ kí ẹ máa wò

Ẹ fi kàlẹ́ńdà kan kọ́ ògiri, kí ẹ fi bírò sàmì sí ọjọ́ tí ẹ bá jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní àmì kan, wákàtí kan ní àmì kan náà. Ẹ gbé òṣùwọ̀n ara pamọ́ fún oṣù àkọ́kọ́, nítorí oúnjẹ ló ń yí nọ́ńbà yẹn padà ju ìrìn lọ, ó sì ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sílé. Oorun, àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ àti ìfúnpá ni kí ẹ máa wò.

Ẹ má jẹ́ kí fóònù fi ìṣísẹ̀ 10,000 dẹ́rù bà yín. Inú ìpolówó ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ kan ní Japan ní 1965 ni nọ́ńbà náà ti wá, kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ dókítà.

Ẹni tó fẹ́ nǹkan tí yóò máa fojú sọ́nà fún lè wo eré kìlómítà mẹ́wàá tó máa ń wáyé pẹ̀lú Lagos City Marathon, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní oṣù Kejì ọdún 2016. Marathon gangan, tó jẹ́ kìlómítà 42, kì í ṣe ti ọdún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé.

10. Tí ẹ bá tún já

Ẹ máa já. Ìrìn àjò á dé, òkú á sùn, ọmọ á ṣàìsàn. Òfin tí mo ń fún gbogbo ẹni tí a jọ ń rìn ni pé ọjọ́ tí a ti là sílẹ̀ fún ìrìn lè fò lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ fò lẹ́ẹ̀mejì léra. Tó bá fò, ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù tí ẹ jẹ ara yín ní ọjọ́ tó kàn, kódà nínú ọgbà ilé.

Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló lọ, ẹ padà sẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kan nínú ètò náà. Tó bá jẹ́ oṣù kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Tó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kìíní ni, kí ẹ sì kọ́kọ́ tún ìfúnpá yín wọ̀n ní kẹ́míìsì.